Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú táńkì dísù ń jẹ èrè yín, ṣùgbọ́n ẹ má rán ọmọ ẹlòmíràn wọ inú rẹ̀

Nǹkan bí aago méjì òru ni jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì kan ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun dúró, gbogbo ilé ṣókùnkùn, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sì ń wú lórí tábìlì láìsí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó wá kó búrẹ́dì lọ fún títà bá ilẹ̀kùn ní títì. Mẹkáníìkì dé, ó tú fílítà epo, ohun tó bá nínú rẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ dúdú tí omi wọ̀. Ó fi tuntun sí i, jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, ó tún dákẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, fílítà mẹ́ta ni wọ́n rà.

Ìgbà náà ni ìyá tó ni ilé búrẹ́dì pàṣẹ pé kí wọ́n lọ fọ táńkì dísù tó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ ẹnu táńkì, nígbà tí bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé epo fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá ra búrẹ́dì tiẹ̀, figbe ta.

"Ọmọ mi, yọ ẹsẹ̀ rẹ! Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Bàbá, dísù ni o, kì í ṣe bẹntiróòlù."

"Mo mọ̀ pé dísù ni. Ta ló sọ fún ọ pé iná nìkan ló ń pa ènìyàn nínú táńkì?"

Ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí sọ ló mú kí a gbé ọ̀rọ̀ táńkì wá sí ojú ìwé yìí lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe omi inú ọ̀rá, ẹ̀yin onítẹ̀wé, onílé ẹja dídì àti onílé ìtura, gbogbo yín lẹ mọ̀ pé dísù ń gba púpọ̀ nínú owó tó ń wọlé. Láti ọdún 2022 tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti bẹ̀rẹ̀ ni owó rẹ̀ ti fò sókè, nígbà tó sì di ọdún 2024, lítà kan ti kọjá 1,000 náírà. Ẹni tó ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra epo kò yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀ sínú ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wá ìmọ́tótó.

Níbo ni omi ti ń wọlé?

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìsàlẹ̀ táńkì ni ọ̀tá yín wà, omi sì ni orúkọ rẹ̀. Lítà omi kan wọn kílò kan, ṣùgbọ́n lítà dísù kan kò ju nǹkan bíi kílò 0.85 lọ. Nítorí náà, gbogbo omi tó bá wọ inú táńkì, ìsàlẹ̀ ló máa rì sí, epo á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá yọjú láti òkè á rò pé epo ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi yìí máa ń gbà dé ibẹ̀. Èkíní ni òjò tó ń gba ẹnu táńkì wọlé nítorí pé rọ́bà ìdérí ti gé tàbí pé ìdérí kò bò ó dáadáa. Èkejì ni omi tó bá epo wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, tàbí láti inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fọ̀ tí wọn kò jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: táńkì máa ń mí bí ènìyàn. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú irin gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á sì jáde. Lóru, nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù, á fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé, omi inú afẹ́fẹ́ yẹn á sì là sára irin bí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì ṣe ń làágùn. Bí táńkì bá ṣe ṣófo tó ni afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ má rò pé omi díẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká mú táńkì onígun mẹ́rin tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 20. Bí omi yẹn bá bá epo wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, tí lítà kan sì jẹ́ 1,000 náírà, ẹ ti fi 20,000 náírà ra omi nìyẹn.

Ohun tí omi ń ṣe sí epo àti irin

Níbi tí omi àti dísù bá ti pàdé ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Inú omi ni wọ́n ń gbé, epo ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń ṣe ohun kan tó ń yọ̀, tó fara jọ èyí tó máa ń bo búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n tún ń tú oje kíkan jáde, oje yìí sì ń jẹ irin láti inú. Irin tó bá ti rí omi àti afẹ́fẹ́ kò lè ṣe kó má dípẹtà. Ìpẹtà, òkú kòkòrò, epo tó ti pẹ́ àti iyanrìn á wá pò pọ̀, wọn á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí bá jókòó jẹ́ẹ́ ní ìsàlẹ̀, ẹ lè má mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wá tú epo tuntun sínú táńkì, gbogbo rẹ̀ á rú sókè. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ ní wákàtí yẹn, fílítà ni yóò kọ́kọ́ dí. Èyí tó bá sá mọ́ fílítà lọ́wọ́ á dé ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù àti nósù, níbi tí àlàfo tó wà láàárín irin kan àti èkejì ti kéré gan-an ju irun orí lọ. Owó tí ẹ máa fi tún pọ́ọ̀ǹpù àti nósù ṣe kì í ṣe ẹgbẹ́ owó fílítà rárá.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé táńkì yín ti dọ̀tí

Ẹ jẹ́ kí epo sinmi di ọjọ́ kejì. Kí ẹ wá fa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ dà á sínú ìgò funfun tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Dísù tó dára máa ń mọ́ gaara. Bí ẹ bá rí ìlà kan tó pín ohun inú ìgò sí méjì, omi ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Bí ó bá rí bí omi ògì, omi ti pò mọ́ epo. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó ń fà bí ilá tàbí ẹyọ ìpẹtà pupa, ọ̀rọ̀ ti kọjá kí a máa pààrọ̀ fílítà. Àwọn onílé epo tún ní ìkunra kan tí wọ́n ń fi sí orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo. Ibi tí omi bá dé lára ọ̀pá náà, àwọ̀ ìkunra yìí á yí padà. Kò wọ́n púpọ̀, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ní táńkì ní i.

Kí ló wà nínú táńkì tó ń pa ènìyàn?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ bàbá onílé epo. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ọ́síjìn ìdá 20.9 nínú 100. Òfin ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ó bá ti dín sí 19.5, ibi eléwu ni. Irin kì í sì dípẹtà láìlo ọ́síjìn. Táńkì tó ti dípẹtà, tí a ti pa dé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìpẹtà inú rẹ̀ ti lè jẹ ọ́síjìn náà débi pé èyí tó kù kò lè gbé ẹ̀mí ènìyàn ró. Kò ní òórùn, kò ní èéfín. Ojú ẹni tó wọlé á kàn ṣú, á sì ṣubú. Lórí èyí, afẹ́fẹ́ epo fúnra rẹ̀ máa ń kọ́ni lójú, àwọn kòkòrò kan nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ jáde. Bí èyí bá pọ̀, imú kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ènìyàn á sì rò pé ó ti lọ.

Ibi tí ó burú sí jù ni pé ẹnì kan kì í sábà kú síbẹ̀ nìkan. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣubú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ́ sínú rẹ̀ láti gbé e, òun náà á ṣubú. NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, sọ ọ́ nínú ìkìlọ̀ kan ní ọdún 1986 pé nínú àwọn tó ń kú sínú irú ibi híhá bẹ́ẹ̀, ó ju ìdá 60 nínú 100 lọ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ lọ yọ. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílé. Àìmọye ìgbà la ti gbọ́ nípa kànga tó gba ẹni tó lọ fọ̀ ọ́ àti ẹni tó lọ yọ ọ́.

Àwọn agbẹ́kànga kan máa ń sọ fìtílà sínú kànga kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ẹ má dán irú rẹ̀ wò nínú táńkì epo láéláé. Ẹni tó bá sọ iná sínú táńkì epo kò ní dúró gbọ́ èsì.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ láti ìta

Táńkì kékeré tó wà lókè ilẹ̀, irú èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ṣeé fọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ki orí bọ inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ jẹ́ kí epo inú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ ti ẹ̀rọ tí epo ń gbà lọ síbẹ̀, kí ẹ sì tú rọ́bà rẹ̀. Sìgá, fóònù, ẹ̀rọ tó ń jórin àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Kí ẹ gbé ohun ìpaná sí ibi tí ọwọ́ lè tó o.

Láti òkè ni kí ẹ ti fa epo tó dára, kí ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tó mọ́, tó sì gbẹ. Ẹ má ki ẹnu rọ́bà dé ìsàlẹ̀. Epo yìí kò bàjẹ́: bí ó bá sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tí ẹ sì sẹ́ ẹ dáadáa, ó ṣeé lò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fa omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù mìíràn. Pọ́ọ̀ǹpù tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku nínú ilé kò dára, nítorí iná lè ta nínú rẹ̀.

Ẹ ṣí gbogbo ẹnu táńkì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ so aṣọ àti igi pẹlẹbẹ mọ́ ọ̀pá gígùn, kí ẹ dúró sí ìta, kí ẹ máa fi wọ́ ìdọ̀tí wá sí ojú kan, kí ẹ sì máa fà á jáde. Igi tàbí ike ni kí ẹ fi ha á; irin tó bá ń gbo irin lè ta iná. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fa omi náà jáde, kí ẹ tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́. Bẹntiróòlù kì í ṣe omi ìfọ̀. Ẹni tó bá fi bẹntiróòlù ṣan táńkì dísù ti sọ ohun tí kò tètè gbiná di àdó olóró.

Bí táńkì bá tóbi débi pé ó di dandan kí ènìyàn wọlé, iṣẹ́ yẹn ti kúrò lọ́wọ́ yín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ pè, àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn àti afẹ́fẹ́ olóró, okùn tí wọ́n ń so mọ́ ara, ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú, àti ẹnì kan tí kì í kúrò lẹ́nu táńkì. Bí ẹni tí ẹ pè bá dé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti aṣọ inura tútù nìkan, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kó máa lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé epo tàbí tí ẹ ń tọ́jú bẹntiróòlù, ọ̀rọ̀ tiyín tún yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. Táńkì rẹ̀ tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí inú èyí tó ṣófo ni afẹ́fẹ́ àti epo ti ń ráyè dàpọ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án fúnra yín. NMDPRA, àjọ tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó àwọn ilé epo. Àwọn tó mọ ìlànà wọn ni kó ṣe iṣẹ́ náà.

Ìpẹtà ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ló gbọdọ̀ kúrò. Èyí tó ń ṣí, tó ń já bọ́, ni ẹ gbọ́dọ̀ ha kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ da ásíìdì bátìrì sí i, ẹ kọ̀ fún un. Bí ásíìdì bá kan irin, afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ háídírójìn máa ń jáde, ó sì máa ń bú gbàmù. Ọ̀dà tí a fi ń kun ilé kò dára nínú táńkì, dísù á bó o, á sì di ìdọ̀tí mìíràn. Páànù tàbí páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò kò dára pẹ̀lú, nítorí síǹkì àti dísù kì í gbé pọ̀ láìdá ohun tó ń dí fílítà sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: táńkì tí kò jò tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́. Ìpẹtà àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ti ń dí ihò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Nítorí náà, kí ẹ tó da epo olówó ńlá sínú rẹ̀, ẹ fi omi kún un, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Bí kò bá jò, ẹ fa omi náà jáde, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kí ẹ sì fi aṣọ tí a rẹ sínú dísù ra ara rẹ̀ kó má baà tún dípẹtà.

Bí ó bá jò, ẹ má sáré pe wẹ́dà. Lóòótọ́, dísù kì í tètè gbiná bí kò bá gbóná kọjá nǹkan bíi 52 ní ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n iná tí wẹ́dà ń lò gbóná ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, èyí tó kù sára irin á sì di afẹ́fẹ́ epo. Ọ̀pọ̀ ìròyìn táńkì tó bú gbàmù tí ẹ ń gbọ́, ibi tí wọ́n ti ń jó o ló ti ṣẹlẹ̀. Táńkì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu, títún òmíràn rà ló sàn jù.

Níbo ni ká da ìdọ̀tí náà sí?

Kì í ṣe inú gọ́tà, kì í sì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ẹ bá dà sílẹ̀ lónìí lè wọ kànga ara yín lọ́la. Ẹ pa á mọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, kí ẹ sì bi àjọ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ yín léèrè ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti kó o. LASEPA ni ti Èkó. NESREA ni ti ìjọba àpapọ̀.

Ohun tó dára ju fífọ̀ lọ

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ẹ bá ti fọ táńkì tán, ẹ gbé e kalẹ̀ kó dagun díẹ̀ sí apá kan, kí ẹ̀rọ tí ẹ ó máa fi tú omi sílẹ̀ wà ní apá tó relẹ̀ jù. Ibi tí epo ń gbà lọ sí jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ kọ́ ìbòòji lé e lórí. Ẹ tú omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já epo, ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó lò ó. Oògùn kan wà tó ń pa kòkòrò inú dísù, kì í ṣe oògùn ẹ̀fọn o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ táńkì tán ni kí ẹ lò ó. Bí ẹ bá dà á sínú èyí tó dọ̀tí, òkú àwọn kòkòrò náà ni yóò dí fílítà yín.

Kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè kan. Bí apá yín kò bá ká ju lítà 800 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí lẹ ń fi táńkì onílítà 5,000 ṣe? Àyè tó ṣófo nínú rẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Táńkì kékeré tó ń kún sàn ju ńlá tó ń ṣófo lọ.

Ní ti ilé búrẹ́dì àdúgbò wa, láti ìta ni wọ́n ti fọ táńkì náà, ó sì gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì gbáko. Omi kẹ́ẹ̀gì méjì ni wọ́n fà jáde. Nígbà tí wọ́n yẹ ìdérí rẹ̀ wò, rọ́bà rẹ̀ ti gé, ó sì dà bíi pé láti òjò ọdún tó kọjá ni omi ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu táńkì lọ́jọ́ yẹn ni ìyá oníbúrẹ́dì fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, á gbé ìgò funfun, á tú omi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, á sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kékeré kan. Ìgbà tí a kọjá níbẹ̀ kẹ́yìn, ohun tó kọ sínú rẹ̀ ni pé: "Kò sí omi."